Ilé La Ti Í Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Oníròyìn Àti Àyẹ̀wò Ara Rẹ̀

  Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lónìí kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ ìròyìn, ó sì kan àwa tí à ń gbé ìròyìn jáde. Oníròyìn ní í béèrè lọ́wọ́ gómìnà pé níbo ni owó ojú ọ̀nà wọlé sí. Òun ní í bi ọ̀gá ọlọ́pàá léèrè pé kí ló dé tí wọ́n fi ti ẹni tí kò ṣẹ̀ mọ́lé. Òun náà ní í bi dókítà, olùkọ́, pásítọ̀ àti ààfáà léèrè. Tó bá wá di ọjọ́ tí oníròyìn fúnra rẹ̀ gbé irọ́ jáde, ta ni yóò bi òun náà léèrè?

Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín ni pé òun fúnra rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀. Kó bi í ní gbangba, kó sì dáhùn níbi tó ti ṣẹ̀ gan-an. Oníròyìn tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ kò lẹ́nu tí yóò fi bá aláṣẹ wí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1989, ìròyìn gba Nàìjíríà kan pé Dókítà Nnamdi Azikiwe, ààrẹ àkọ́kọ́ orílẹ̀-èdè yìí, ti jáde láyé. Ìwé ìròyìn gbé e, afẹ́fẹ́ gbé e, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dárò. Bẹ́ẹ̀ baba wà láàyè. Ó tún lo ọdún mẹ́fà ó lé lẹ́yìn ìgbà náà, nítorí ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 1996 ló tó papò dà. Ohun tó dunni jù níbẹ̀ ni pé oníròyìn ni Azikiwe fúnra rẹ̀. Òun ló dá ìwé ìròyìn West African Pilot sílẹ̀ l'Ékòó ní ọdún 1937. Ẹni tó kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn bí wọ́n ṣe ń ṣe ìwé ìròyìn ni ìwé ìròyìn sọ di òkú lójú ayé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ì bá ti dá ìròyìn ọ̀hún dúró: ta ló fojú ara rẹ̀ rí òkú?

Àyẹ̀wò ara ẹni tí mò ń sọ yìí ju kí a kàn ní "ẹ má bínú" lọ o. Bí a bá pe ìlú kan ní Iléṣà, tó sì jẹ́ pé Ìlá là ń wí, a óò tún un sọ, ó tán. Àtúnṣe nìyẹn, ó sì dára. Àyẹ̀wò jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àyẹ̀wò ni kí ilé-iṣẹ́ ìròyìn jókòó kó béèrè pé: báwo ni irọ́ yìí ṣe gba ọwọ́ gbogbo wa kọjá? Ta ló yẹ kó béèrè tí kò béèrè? Kí ló wù wá láti gbọ́ tó fi jẹ́ pé a ò wádìí? Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kó ìdáhùn rẹ̀ síwájú ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ wọn.

Ìtàn kan wà tí gbogbo akọ̀ròyìn tó ń kọ́ṣẹ́ yẹ kó mọ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 1980, ìwé ìròyìn Washington Post, tó wà ní olú-ìlú Amẹ́ríkà, gbé ìtàn kan sí ojú ìwé àkọ́kọ́. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Janet Cooke ló kọ ọ́. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́jọ kan wà nílùú náà tí òun pè ní Jimmy, tí egbòogi olóró heroin ti di bárakú fún, tí àgbàlagbà sì ń gún un lábẹ́rẹ́ rẹ̀ nínú ilé tó ń gbé. Ìlú gbóná janjan. Méyọ̀ ìlú náà, Marion Barry, ní kí wọ́n wá ọmọ náà kàn. Ọlọ́pàá wá a títí, wọn ò rí i. Ilé-iṣẹ́ ìròyìn ní àwọn ò lè tú àṣírí ẹni tó fọkàn tán àwọn. Nígbà tó di ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1981, wọ́n fi ẹ̀bùn Pulitzer dá Cooke lọ́lá. Kò sí ẹ̀bùn tí àwọn oníròyìn Amẹ́ríkà ń kà sí tó o.

Ẹ̀bùn náà ló tú u fó. Nígbà tí ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jáde pẹ̀lú ìròyìn ẹ̀bùn ọ̀hún, àwọn ará ìwé ìròyìn Toledo Blade, níbi tó ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, rí i pé àwọn ìwé ẹ̀rí tó ní òun gbà ní yunifásítì kò bá èyí tí àwọn mọ̀ mu. Ọ̀rọ̀ dé etí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Washington, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi í. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n kéde ẹ̀bùn náà tó fi jẹ́wọ́: kò sí ọmọ kankan tó ń jẹ́ Jimmy. Òun ló hun ún. Ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ sì dá ẹ̀bùn padà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni ì bá ti dúró síbẹ̀ yẹn. Wọ́n á ní ọmọ kan ló purọ́, ó sì ti lọ, kálukú ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn yìí ní òṣìṣẹ́ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa gbọ́ ẹjọ́ àwọn òǹkàwé, kó sì máa ṣèdájọ́ ilé-iṣẹ́ náà láìbẹ̀rù ọ̀gá. A lè pè é ní alágbàwí òǹkàwé. Bill Green lorúkọ ẹni tó wà nípò náà nígbà yẹn. Wọ́n ní kó wádìí ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wà. Ó bi àwọn ọ̀gá, ó bi àwọn akọ̀ròyìn, kò sì ju ọjọ́ mẹ́rin lọ tí àbábọ̀ rẹ̀ fi jáde, ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin. Ojú ìwé àkọ́kọ́, ibi tí wọ́n gbé irọ́ náà sí, ni àbábọ̀ ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀, ó sì kún ojú ìwé púpọ̀ nínú.

Ohun tí ará ìta rí kà níbẹ̀ kò dùn-ún gbọ́. Olóòtú tó gba ìtàn náà kò béèrè orúkọ ìyá ọmọ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò béèrè àdírẹ́sì ilé wọn. Lẹ́yìn tí ìtàn ti jáde, akọ̀ròyìn mìíràn, Courtland Milloy, wà nínú mọ́tò pẹ̀lú Cooke, wọ́n ń wá ilé Jimmy káàkiri àdúgbò. Wọ́n yí síhìn-ín, wọ́n yí sọ́hùn-ún. Ẹni tó ní òun jókòó nínú ilé náà, tó ní òun fojú ara òun rí abẹ́rẹ́, kò dá ilé mọ̀. Ọkàn Milloy sọ fún un pé nǹkan kan ń rùn, ó sì sọ ọ́ fún ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò wọ̀ wọ́n létí. Obìnrin kan tó ti jẹ́ olóòtú fún Cooke tẹ́lẹ̀ náà kò gba ìtàn ọ̀hún gbọ́. Síbẹ̀, wọ́n gbé e lọ fún ẹ̀bùn.

Bob Woodward wà lára àwọn ọ̀gá tí ìtàn náà gba ọwọ́ wọn kọjá. Òun àti Carl Bernstein ni iṣẹ́ ìwádìí wọn lórí ìwà àbùkù tí wọ́n ń pè ní Watergate wà lára ohun tó mú kí ààrẹ Nixon fi ipò sílẹ̀ ní ọdún 1974. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń bi ààrẹ Amẹ́ríkà léèrè títí òtítọ́ fi yọ, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò bi ọmọ inú ilé tiwọn. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìtàn yìí nìyẹn. Kì í ṣe àìgbọ́n ló kó bá wọn. Ìtàn náà dùn, ó bá ohun tí wọ́n ti rò nípa àdúgbò àwọn tálákà mu, ó sì fẹ́ gbé ògo wálé. Nígbà tí ìròyìn bá dùn báyìí, àsìkò náà gan-an ló yẹ kí olóòtú la ojú rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé òpùrọ́ kan ṣoṣo lèyí. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wo èyí tí kò ní òpùrọ́ nínú yàrá ìròyìn. Kí Amẹ́ríkà tó gbógun ti Iraq ní oṣù kẹta ọdún 2003, ìwé ìròyìn New York Times gbé ìròyìn léraléra pé Saddam Hussein, olórí Iraq nígbà náà, ní ohun ìjà tó lè pa ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan. Ogun jà, ẹ̀mí ṣòfò, wọ́n tú ilẹ̀ Iraq, wọn ò rí ohun ìjà ọ̀hún. Ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 2004, àwọn olóòtú ìwé ìròyìn náà kọ̀wé sí àwọn òǹkàwé wọn. Wọ́n ní àwọn kò ṣe òfíntótó tó bó ṣe yẹ. Wọ́n ní àwọn gbára lé àwọn ará Iraq tó ń gbé nílẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n ń fẹ́ kí ìjọba Saddam ṣubú. Wọ́n sì gbà pé ìròyìn tó ń dẹ́rù bani ni àwọn gbé sí iwájú, èyí tó ń já a nírọ́ sì lọ sápamọ́ sẹ́yìn.

Ìjẹ́wọ́ náà dára, àbùkù kan ló wà lára rẹ̀. Ojú ìwé kẹwàá ni wọ́n gbé e sí, nígbà tó jẹ́ pé ojú ìwé àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú ìròyìn tó ṣì àwọn èèyàn lọ́nà ti jáde. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni Daniel Okrent, tó jẹ́ alágbàwí òǹkàwé níbẹ̀, kọ tirẹ̀. Ó ní ẹ̀bi náà kì í ṣe ti akọ̀ròyìn kan, ti ilé-iṣẹ́ látòkè délẹ̀ ni. Ẹ sì jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe dá ipò tó wà yẹn sílẹ̀. Ní ọdún 2003, akọ̀ròyìn wọn kan, Jayson Blair, ni wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń hun ìròyìn, tó sì ń jí iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ. Ìwé ìròyìn náà ló tú ara rẹ̀ fó: wọ́n ní ó kéré tán, ìròyìn 36 nínú 73 tó kọ láàárín oṣù díẹ̀ ló ní àléébù. Àwọn ọ̀gá méjì tó ga jù nínú yàrá ìròyìn fi ipò sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fi alágbàwí òǹkàwé sípò. Ní ọdún 2017, wọ́n pa ipò náà rẹ́. Lójú tèmi, àṣìṣe ńlá ni pípa tí wọ́n pa á rẹ́.

Àwa tá a wà lórí afẹ́fẹ́ náà ní ẹ̀kọ́ tiwa, ní ilé-iṣẹ́ BBC, ọdún 2012. Ìròyìn jáde pé gbajúgbajà sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wọn kan, Jimmy Savile, tó kú ní ọdún 2011, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ba àwọn ọmọdé jẹ́, àti pé ètò Newsnight ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó pa á tì. Kí ni BBC ṣe? Ètò wọn mìíràn, Panorama, gbé ìwádìí dìde sí Newsnight, wọ́n sì fi í hàn ní gbangba ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí Newsnight tún ṣìnà. Wọ́n gbé ẹ̀sùn irú ti Savile jáde nípa olóṣèlú kan láìdárúkọ, àwọn èèyàn sì ń pe orúkọ Lord McAlpine kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Ẹni tó fẹ̀sùn kàn án padà wá sọ pé òun ṣi èèyàn mú.

Ní àárọ̀ Sátidé, ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá, ọ̀gá àgbà BBC, George Entwistle, jókòó sí iwájú gbohùngbohùn rédíò ilé-iṣẹ́ tirẹ̀. John Humphrys, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ló ń bi í léèrè. Humphrys kò sọ̀rọ̀ dẹngẹrẹ nítorí pé ọ̀gá ni. Ó ń béèrè ohun tó mọ̀ kí ètò náà tó jáde, ohun tó ṣe lẹ́yìn tó jáde, ìdí tí kò fi mọ̀. Ọ̀gá gbà pé òun kò wo ètò náà lálẹ́ tí wọ́n gbé e jáde, pé òun kò sì ka ìwé ìròyìn tó ti ń sọ pé wọ́n ṣi èèyàn mú. Ìbéèrè yẹn ni ẹnikẹ́ni nínú wa ì bá bi mínísítà. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Entwistle fi ipò sílẹ̀. Ọjọ́ 54 péré ló lò níbẹ̀. BBC san owó gbà-máà-bínú fún Lord McAlpine, ó jẹ́ 185,000 pọ́n-ùn.

Ẹlòmíràn á ní irú nǹkan báyìí ń ba orúkọ ilé-iṣẹ́ jẹ́, pé bí a bá ń tú àṣírí ara wa, àwọn olùgbọ́ kò ní gbà wá gbọ́ mọ́. Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ ń tajà mọ ìdáhùn rẹ̀. Ẹni tó tẹ ìdí kóńgò wọnú lè ta gaàrí púpọ̀ lónìí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí àwọn oníbàárà bá wọ̀n ọ́n délé, ọjà rẹ̀ kú nìyẹn. Ẹni tó fúnra rẹ̀ gbé kóńgò jáde pé "ẹ wò ó, ó ti jìn, mo ti pààrọ̀ rẹ̀," ọ̀dọ̀ rẹ̀ lèrò yóò máa padà sí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ó sàn kó jẹ́ ẹsẹ̀ tiwa ni òtítọ́ fi rìn bá a.

Ìdí mìíràn tún wà tó jẹ́ tiwa ní Nàìjíríà. Níbi tí oníròyìn kò bá ti yẹ ara rẹ̀ wò, aláṣẹ yóò fi í ṣe àwáwí láti gbé kóńdó. Ní ọdún 1984, ìjọba ológun gbé Òfin Kẹrin jáde, wọ́n ní àwọn fẹ́ dáàbò bo àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́ ẹ̀sùn èké. Akọ̀ròyìn méjì ní ìwé ìròyìn The Guardian, Tunde Thompson àti Nduka Irabor, ni wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún kan fún lábẹ́ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ wọn sì san owó ìtanràn 50,000 náírà. Mi ò sọ pé oníròyìn ló fa òfin burúkú yẹn o. Ológun ló ṣe é, torí pé wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi àwọn. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwáwí ni wọ́n ń wá, kò sì yẹ ká máa kó o fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Àyẹ̀wò ara ẹni tún ní kí a fún ẹni tí a bú láyè láti fèsì, ilẹ̀ Yorùbá sì ní ìtàn tirẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ yẹn. Ní ọdún 1953, gómìnà òyìnbó, John Macpherson, bọ́ sórí rédíò ìjọba, ó sì dá Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, Action Group, lẹ́bi. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà láyè lórí rédíò kan náà, kóun dáhùn. Wọ́n kọ̀. Kíkọ̀ yẹn wà lára ohun tó mú kí Ìwọ̀-Oòrùn dá rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀, tí tẹlifíṣọ̀n náà, WNTV, fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Íbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959. Torí náà, ilé-iṣẹ́ afẹ́fẹ́ ilẹ̀ Yorùbá tó bá fi ẹ̀tọ́ èsì du ẹnikẹ́ni, ó ti gbàgbé orísun rẹ̀.

Òfin ìwà fún àwọn oníròyìn Nàìjíríà, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí n'Ílọrin ní ọdún 1998, sọ ọ́ kedere. Ó ní bí oníròyìn bá gbé ohun tí kì í ṣe òótọ́ jáde, kó tètè tún un ṣe, kó sì ka ẹ̀tọ́ èsì sí ìlànà pàtàkì. Ó tún ní oníròyìn kò gbọ́dọ̀ béèrè ẹ̀gúnjẹ, kò sì gbọ́dọ̀ gbà á, yálà láti gbé ìròyìn jáde tàbí láti bò ó mọ́lẹ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé àwọn oníròyìn, nígbà tí àpò ìwé bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn ni owó oṣù wọn kì í tó nǹkan, ti àwọn mìíràn kì í sì í wá lásìkò. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ nìyẹn, kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i. Ṣùgbọ́n a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Yàrá ìròyìn tó ń ka àṣìṣe sípẹ́lì, tí kò mẹ́nu ba ẹ̀gúnjẹ, kò tíì bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò.

Báwo ló ṣe yẹ ká máa ṣe é? Bí a bá ka irọ́ nínú ìròyìn aago méje àárọ̀, nígbà tí gbogbo ilé ṣí rédíò sílẹ̀, kì í ṣe aago mọ́kànlá alẹ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ ti sùn, ló yẹ ká tún un ṣe. Aago méje àárọ̀ ni. Ká sọ ohun tí a ṣì sọ, láìfi ọ̀rọ̀ yí i po. Ká sọ òótọ́ rẹ̀. Ká sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, àti ohun tí a ti ṣe kó má ṣẹlẹ̀ mọ́. Ká pe ẹni tí a ṣẹ̀, ká fún un láyè. Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì la gbé e sí, ká má yọ ọ́ ní jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò sọ ọ́ rí, nítorí ẹni tó ti fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp kò ní mọ̀ pé a ti yọ ọ́. Ẹyin lohùn. Bó bá ti balẹ̀, a ò lè kó o jọ, ṣùgbọ́n a lè sọ fún ará ilé ibi tó fọ́ sí kí wọ́n má baà fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Mo gbọ́dọ̀ fi ààlà kan sí ọ̀rọ̀ yìí. Bí gómìnà bá pe ọ̀gá ilé-iṣẹ́ lóru pé kó sọ òótọ́ tó ti gbé jáde di irọ́, bí ọ̀gá bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, ojo nìyẹn, kì í ṣe àyẹ̀wò ara ẹni. Àyẹ̀wò tòótọ́ a máa mú oníròyìn le sí i lórí òótọ́ tó ní lọ́wọ́, nítorí pé ó mọ èyí tó dá a lójú yàtọ̀ sí èyí tí kò dá a lójú.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ̀yin náà ní iṣẹ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wa, ẹ pe ilé-iṣẹ́, ẹ kọ̀wé, ẹ sọ ọjọ́ àti aago tẹ́ ẹ gbọ́ ọ. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá sì jáde wá gba ẹ̀bi rẹ̀, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sá lọ sọ́dọ̀ èyí tí kò gba ẹ̀bi rí. Èyí tí kò gba ẹ̀bi rí gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ yìí, ọ̀la ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ ya ìṣẹ́jú márùn-ún sọ́tọ̀ nínú ìpàdé àárọ̀, kí olóòtú béèrè pé: kí la ṣì sọ lánàá? Ẹni tó bá dáhùn ní òtítọ́, ẹ má fìyà jẹ ẹ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí òtítọ́ tí à ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba kọ́kọ́ máa gbé nínú yàrá ìròyìn wa.